Àtàǹpàkò Tí O Tẹ̀ sí Ọ̀rọ̀ Ọkọ Mi

Abẹ́rẹ́, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ tí o bá jókòó pẹ́ sídìí kọ̀ǹpútà ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rí ìjà ìlú ńlá, kí ọ̀gá rẹ má fojú burúkú wò ọ́, kí oúnjẹ tí o bá rà níta má bá inú rẹ jà. Àmín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, mo kàn ní kí n kọ́kọ́ gbàdúrà sílẹ̀ kí inú bíbí má bàa kó wọ inú rẹ̀.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù yẹn gan-an ló fà á. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí mo bá ń bi ọ́ nípa iṣẹ́, nípa omi, nípa ìyá onílé rẹ, ohùn rẹ a máa dún ketekete bí ẹni pé inú yàrá kejì lo wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní bàbá rẹ báyìí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì a bàjẹ́. Wàá ní o ò gbọ́ mi mọ́, pé ohùn mi ń já, ó parí nìyẹn. Mo lọ bá ọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù ní ìkóríta, mo bi í bóyá orúkọ kan wà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í fẹ́ gbọ́. Ó wò mí títí. Ó ní kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó yẹ fóònù mi wò dáadáa, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é, pé àfi bó bá jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí mò ń pè. Nítorí náà ni mo ṣe kọ lẹ́tà, torí pé lẹ́tà kì í já.

Kí n tó lọ jìnnà, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, kí o má bàa rò pé ìyá rẹ ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ ogbó. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti wọlé bàbá rẹ, mi ò pè wọ́n ní "ó" rí. "Wọ́n" ni. Wọ́n ti dé, wọ́n ń jẹun, wọ́n ní kí ẹ dákẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti já láti orí òrùlé ilé onílé tó sì fi orí gbálẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá sọ̀rọ̀ ní ọsibítù, mo ní ṣé ẹ ti jí, ó yí orí wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó ní ta ni ẹnìkejì. Mo ní kò sí ẹnìkejì, ọ̀wọ̀ ni. Ó ní kí n gbé ọ̀wọ̀ náà pamọ́, pé òun nìkan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ò fẹ́ kí n máa ka ẹlòmíì mọ́ òun. Èyí tó wá burú jù ni pé èmi ló wá ń fi "ẹ" bá sọ̀rọ̀. Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá, ṣé ẹ sùn dáadáa. Èmi! Ìwọ náà mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tí kì í la ẹnu lówùúrọ̀ àfi tí wọ́n bá ń wá téèpù ìwọ̀n wọn. Nítorí náà, níbi tí o bá ti rí "wọ́n" fún bàbá rẹ nínú lẹ́tà yìí, ti ìgbà tí wọ́n ṣì ń kan òrùlé ni. Níbi tí o bá ti rí "ó", ẹni tó wà nílé báyìí ni.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ eré tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní kí n wò ó, pé yóò là mí lọ́yẹ nípa ohun tó ṣe bàbá rẹ. O ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ àkọlé eré yẹn kò fi àmì kankan sí i lórí, OPOLO OKO MI ló kọ gàdàgbà. Èmi kà á, mo ní Ọ̀pọ̀lọ́ Oko Mi. Mo ní ọmọ mi mà rántí ariwo tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń pa mọ́ wa létí lẹ́yìnkùlé. Mo sáré pe ìyá télọ̀ tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa pé kó wá wo ètò àgbẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì tó ń gbé ní òdìkejì títì gbọ́, òun náà wá, ó wo àkọlé, ó ní Ọpọlọ Ọkọ̀ Mi ni, pé bóyá ibẹ̀ ni òun yóò ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ òun tó ti dẹnu kọlẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé fóònù ti agolo òwú ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tí a jókòó tì í. Mo wé gèlè mi dáadáa, nítorí mi ò mọ̀ bóyá àwọn náà ń rí wa, bí ìwọ ṣe máa ń rí mi tí o bá pè mí. A ń wo ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Èmi ń retí ọ̀pọ̀lọ́, tíṣà ń retí kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí irin já lu ọkùnrin náà lórí níbi iṣẹ́, tí dókítà sì pe ìyàwó sí kọ̀rọ̀ tó ń sọ fún un nípa ọpọlọ ọkọ rẹ̀, ìgbà yẹn ló tó yé wa. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa. Bàbá rẹ jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó kàn ń fọwọ́ pa ojú àpá orí rẹ̀.

Bí ọkùnrin yẹn sì ṣe nà gbalaja sílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí rẹ̀, àfi bí obìnrin kan ṣe yọ síta, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń polówó ọṣẹ ìfọṣọ. Ara mi bù máṣọ. Mo bá a wí gidi. Mo ní ṣé kò rí i pé ẹ̀mí èèyàn ń bọ́ lọ ni, ṣé kò lè mú sùúrù kí wọ́n gbé e dé ọsibítù kó tó wá tajà? Kò tiẹ̀ wojú mi. Ó polówó tán kó tó kúrò lójú ọ̀nà. Bàbá rẹ ní ká bá a ra ọṣẹ náà, pé ó ti wàásù púpọ̀, ọ̀fun á ti gbẹ ẹ́.

Ọkùnrin inú eré yẹn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀, rédíò ló ń tún ṣe, kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí irin já lù ú tán, ó wá ń fọ́ àwo, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ ní olè nínú ilé ara rẹ̀. Ìyàwó ò wá mọ èwo ni ṣíṣe, bóyá kí òun dúró ni tàbí kí òun kẹ́rù. Ibẹ̀ ni wọ́n pa eré dé sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá jáde, ó ní kí kálukú sọ èrò rẹ̀ sísàlẹ̀, pé ká sì tẹ agogo. A tẹ agogo, agogo ò dún. Tíṣà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní bóyá èmi ò tẹ̀ ẹ́ le, ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, kò dún náà.

Èrò ò sì wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́jọ́ náà. Ìyá télọ̀ ní kí obìnrin náà máa lọ, pé ẹwà ṣì wà lójú rẹ̀, kí ló ń fi ara rẹ̀ ṣòfò fún. Tíṣà ní irọ́ ni ọkùnrin náà ń pa, pé inú rẹ̀ ni ìwà yẹn ti ń gbé látọjọ́ pípẹ́, irin kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni, pé kí wọ́n fún un ní ìṣirò tó le kó ṣe, a ó mọ̀ bóyá ọpọlọ rẹ̀ pé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Wọ́n bi mí kí ni èrò tèmi, mi ò lè sọ̀rọ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń sọ ti ọkùnrin inú fóònù tó, bàbá rẹ ni wọ́n ń fi ojú wò lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ò tiẹ̀ fura. Ó ń ka bọ́tìnì ìyá télọ̀ sínú ike, ó sì sọ fún tíṣà ní tààràtà pé ìtàn ọkọ̀ rẹ̀ ti sú gbogbo àdúgbò. Tíṣà dìde, ó lọ. Ọjọ́ kejì ló tó padà wá.

Ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ní ká sọ èrò sí yẹn ni wàhálà wá wà. Ìyá télọ̀ bá mi ṣí i, mo gbé awò sójú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọmọ mi, àwọn wo rèé? Ẹnì kan béèrè ibi tí wọ́n ti ra kọ́tìnì pálọ̀ wọn. Ẹnì kan ní omi tútù ló wo bùrọ̀dá òun sàn, pé kí wọ́n máa dà á sí ọkùnrin náà lórí. Ẹnì kan ní ìyàwó ló ń ṣe é. Ẹnì kan tiẹ̀ kàn kọ ọ́ pé òun lòun kọ́kọ́ dé, kò kọ nǹkan míì sí i. Ó kọ́kọ́ dé síbo? Nígbà tó wá dé ńkọ́, kí ló ṣe? Èèyàn ń jìyà nílé, wọ́n pè ọ́ pé kí o wá dá sí i, o wọlé, o ní ìwọ lo kọ́kọ́ dé, o sì jáde. Mo ka èyí tán, mo bọ́ awò mi, mo fún ojú mi ní ìsinmi díẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ká mi lára jù ni ti ẹnì kan tó ní ọkọ tí obìnrin yẹn fẹ́ ti kú lọ́jọ́ tí irin já lù ú, pé àlejò ló ń bọ́ nínú ilé, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti rí àtàǹpàkò. O mọ̀ pé ní báńkì àti ní kóòtù, ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, àtàǹpàkò ló máa ń tẹ̀ síwèé pé òun fara mọ́ ọn. Mo wo iye àwọn tó tẹ̀ ẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Ohun méjì ló bà mí nínú jẹ́. Èkíní, mi ò mọ̀ pé àwọn tí kò mọ̀wé kọ ṣì pọ̀ tó yẹn ní ìlú ńlá, pẹ̀lú gbogbo owó tí ẹ ń san níléèwé. Èkejì, gbogbo wọn kóra jọ, wọ́n tẹ̀ka sí i pé kí wọ́n kọ ọkùnrin aláìsàn sílẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ ilé rẹ̀.

Mo ní mi ò ní dákẹ́. Mo kọ èsì sí i, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ó gbà mí tó ìgbà tí ìyá télọ̀ fi rán apá ẹ̀wù kan tán. Mo béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún pé tí ìyàwó bá lọ, ta ni yóò máa gé èékánná ọkùnrin náà, nítorí ẹni tí orí ń fọ́ kì í jẹ́ kí èèyàn gé èékánná òun bọ̀rọ̀, àfi ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi dá mi lóhùn. Kò sọ̀rọ̀, ojú èèyàn róbótó kan ló fi ránṣẹ́, omi ń dà pèrèpèrè lójú rẹ̀ méjèèjì. Inú mi yọ́. Mo ní ẹnì kan ṣì ní àánú láyé yìí. Mo gbàdúrà fún un, mo ní kó nu omi ojú rẹ̀ nù, pé yóò dára. Ó tún fi mẹ́ta ránṣẹ́. Ìgbà yẹn ni ìyá télọ̀ tó là á yé mi pé kì í ṣe ẹkún, pé ẹ̀rín ló ń pa onítọ̀hún títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Irú ẹ̀rín wo nìyẹn, Abẹ́rẹ́? Kí ló pa á lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ èékánná?

Ìyá télọ̀ wá ní kí n jẹ́ ká wo àwọn tó tẹ àtàǹpàkò, bóyá a máa rí ẹni tí a mọ̀. Ó tẹ ibẹ̀, orúkọ àti fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ta ni mo rí lókè pátápátá, ṣáájú gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn? Ìwọ. Pẹ̀lú ìborùn aláwọ̀ ewé tí mo fún ọ, tí o ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ mi kọ́, ó mọ̀wé kọ, kò níí fi àtàǹpàkò tẹ̀wé. Ìyá télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ara rẹ̀. Àwọn yòókù, mo lè dárí jì wọ́n, wọn ò mọ̀ wá. Ìwọ tó ṣíwájú wọn ńkọ́?

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ náà, bí o bá rántí. Mo ní àtàǹpàkò, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò tíì bàjẹ́. Mo ní bàbá rẹ, ó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó bàjẹ́ tán, o ju gbólóhùn kan sílẹ̀, mo sì gbọ́ ọ dáadáa. O ní ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ ti lọ, ẹni tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ò mọ̀ ọ́, ta ló wá kù tó fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ láti ìgbà náà.

Mi ò sọ pé wọn ò ṣẹ̀ ọ́ o. Èmi náà wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọ jókòó, o gbé omi wá, o wọ bàtà tuntun, ayọ̀ ò jẹ́ kí o rìn dáadáa. Ìyá ọkùnrin náà ní ọmọ gidi ni mo bí. Bàbá rẹ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní kí obìnrin náà má tíì yìn ọ́, pé ọmọ yìí ò parí ohun kan tó bẹ̀rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń sọ fún oníbàárà pé pákó yìí ti wọ́. Àwọn àlejò mu omi, wọ́n lọ, ọkùnrin náà ò sì pè ọ́ mọ́. O ní kí wọ́n bẹ̀ ọ́, gbólóhùn kan péré, wọ́n ní àwọn ò bẹ èèyàn lórí òótọ́. O di báàgì rẹ, o ní ẹsẹ̀ rẹ ò ní tẹ ilé yìí títí wọn ó fi bẹ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n já lulẹ̀, o wá sí ọsibítù, wọn ò tíì lajú, o di irin bẹ́ẹ̀dì mú, o dúró, o sì lọ kí wọ́n tó jí. Láti ìgbà yẹn, ohun tí o ń fi ránṣẹ́ ni mò ń rí, mi ò rí ojú rẹ àfi nínú fóònù.

Wàá ní kí ni mo mọ̀. Mo mọ̀ ju ẹni tó kọ́kọ́ dé lọ. Èmi ni mò ń bá a gbé. Fọ́tò inú orí rẹ̀ tí wọ́n yà ní ọsibítù, èyí tó dúdú tó funfun, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa. Ìyá télọ̀ ní wọn kì í gbé e kọ́. Mo ní kí ló dé, ṣebí òun náà ni? Mo máa ń dúró níwájú rẹ̀ bí mo bá ń gbálẹ̀, mo ń wá ibi tí wọ́n wà nínú ẹ̀, mo ń wá ibi tó wà. Mi ò rí ààlà kankan. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń ṣàárò wọn. Wọ́n le, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́. Eléyìí kì í dákẹ́. Ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó ń béèrè ọmọ wọn, ó fún obìnrin kan tó kàn ní kó júwe ọ̀nà fún òun ní ayùn rẹ̀ tó dára jù. Bí mo bá ń dáná, ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kí ọbẹ̀ tó jinná. Ó ń rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé pákó kọjá, ó ṣì ń fi imú fa òórùn rẹ̀ kó tó mọ irú igi tó jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Ó ṣì ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ìhanrun rẹ̀ ò yí padà rárá, ì bá tiẹ̀ dáa kó yí padà.

Nígbà tí apá ìparí eré yẹn jáde, a tún kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ìyàwó ní kí ọkọ bẹ òun nítorí olè tó pe òun. Ọkọ ní òun ò rántí pé òun pè é lólè, ṣùgbọ́n òun bẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún ní ká sọ èrò wa. Tíṣà ní ẹ̀bẹ̀ ẹni tí kò rántí ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, bí ẹni tó jí ìdáhùn kọ nínú ìdánwò ni. Ìyá télọ̀ ní ẹ̀bẹ̀ ni, pé èwo ni wọ́n tún fẹ́ kó ṣe. Àárín ariwo yìí ni bàbá rẹ ti kọjú sí mi, tó béèrè pẹ̀lẹ́ bóyá òun náà ṣẹ ẹnì kan rí.

Inú ló bí mi, mi ò ní parọ́. Inú tíṣà bí mi, inú fóònù bí mi, inú rẹ bí mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, níwájú wọn, bàtà tuntun, omi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ láì yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa rárá, pé ta ló sọ irú rẹ̀ sí ọmọdé. Mo ní ẹ̀yin ni. Mo gbàgbé, mo fi "ẹ" sí i. Lọ́jọ́ yẹn, kò wo ẹ̀yìn. Ó ṣí fìlà lórí, ojú àpá rẹ̀ hàn síta, ó ní òun nìyẹn, kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Tíṣà dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọkọ̀ òun.

O ní kò mọ̀ ọ́. Ta ló sọ fún ọ? Ní àràárọ̀ tó bá jí, ó máa ń dúró níwájú fọ́tò rẹ tó wà lára ògiri, ó ní ọmọ òun rèé. Ohun tí kò mọ̀ ni ìdí tí o kì í fi í wá. Ó bi mí. Ìgbà àkọ́kọ́, mo rò pé ó ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, àṣé ọ̀rọ̀ àná ní ṣọ́ọ̀bù ti lọ pátá lórí rẹ̀. Mo tún sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún ní ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa, ó tún ṣí fìlà, ó sì bẹ̀ mí bí ẹni pé èmi ni ìwọ. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Tó bá di ọ̀sán, kò rántí mọ́, ó ti ń kí àwọn tó ń kọjá. Ìgbà kan, mo lọ pọnmi, ìyá télọ̀ ló bá nílé láàárọ̀, òun ló bẹ̀, ìyá télọ̀ sunkún, ó ní òun ti gbà, ó sì wá bá mi pé kí ló kan òun nínú rẹ̀. Mo gbìyànjú láti parọ́ fún un pé ọ̀nà ló jìn ni o kì í fi í wá. Ó wò mí, ó ní irọ́ ni, pé ojú mi ò rí bẹ́ẹ̀. Mo sì tún sọ ọ́.

Àná ni agara dá mi. Ó bẹ̀ mí tán, mo ní mi ò gbà, mi ò dárí jì ọ́, fi mí sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré, tíì rẹ̀ tutù, kò mu ún. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ rèé. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ níparí oṣù, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé ìyá kì í sọ bẹ́ẹ̀, ara mi le, má pe dókítà. Fi í wọ mọ́tò. Tó bá ṣẹ́kù, ra sílípáàsì fún bàbá rẹ, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, torí ó ti bọ́ tirẹ̀ fún ẹnì kan lójú títì. Bí o bá ṣì fẹ́ máa bínú, gbé ìbínú náà dání wá, yàrá rẹ ṣì ṣófo, yóò gba ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni kó bá ọ níbí. Tí o bá dé lọ́sàn-án, kàn kí i, jẹun, lọ sùn, kí o sì jí ṣáájú rẹ̀. Jókòó sórí àga tó wà nísàlẹ̀ fọ́tò rẹ, èmi máa wà ní kíṣìnì, mi ò ní dá sí i. Ó máa béèrè ohun tó ṣẹ̀ ọ́. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún un. Tí o bá fẹ́, gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Tí o ò bá fẹ́, sọ bẹ́ẹ̀ fún un, yóò tún bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kí oorun má kun awakọ̀ rẹ, kí ibi tí o bá jókòó sí nínú mọ́tò má gbóná jù. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má bàjẹ́, kí ẹni tó mọ iyì rẹ wá ọ rí. Kí Ó sì jẹ́ kí o dé nígbà tó ṣì ń béèrè.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.